Oògùn Sọ́ńdè, Àlá Mọ́ńdè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ relé lọ́dún yìí, tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú èèyàn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg, níbi tí mo ti ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá, tí mo ń kán oògùn sójú wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí kọjá ohun tí mo lè dákẹ́ lé lórí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán tẹ́ ẹ ní òmùgọ̀ ni mí, ẹ ò parọ́. Ẹ ṣáà má ṣe irú rẹ̀.

Jenfeld ní Hamburg ni mò ń gbé, èmi àti Tolú, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo. Ìkìrun ni wọ́n ti bí mi. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti dé Germany, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì tíì relé kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ló kú, mo lọ sin wọ́n. Nígbà tí mò ń lọ, ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ wa béèrè pé ṣé mo ti gba oògùn ibà. Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ibà wo? Ibà tó ti ń mú mi láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn Màámi? Mo ní ẹ̀fọn ilé mọ̀ mí dáadáa. Àṣé ẹ̀fọn ilé ti gbàgbé mi tipẹ́. Ara tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ òtútù, bí ara àlejò ló ń rí tó bá padà sílé, kì í mọ ibà á bá jà mọ́. Èmi ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà dé Hamburg ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Orí ń fọ́ mi, ẹnu mi korò bí ewúro. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò wa, mo ní òtútù ló mú mi, mi ò sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Wọ́n fún mi ní oògùn òtútù. Ní ọjọ́ kẹrin, Tolú bá mi nílẹ̀ balùwẹ̀, tí mò ń dá sọ̀rọ̀. Ó gbé mi lọ sí Notaufnahme, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn aláìsàn pàjáwìrì. Láti aago méje àárọ̀ la ti jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n. Ẹni tó ṣẹ́ lápá ń bẹ níwájú wa, ẹni tó ń bì ń bẹ. Nígbà tó sú Tolú, ó dìde, ó lọ bá nọ́ọ̀sì lójú wíńdò, ó pariwo mọ́ ọn pé, "Meine Mutter war in Nigeria!" Pé Nàìjíríà ni ìyá òun ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló mú kí wọ́n sáré gbé mi wọlé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀, ibà ti dé kíndìnrín mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀, dókítà àgbà obìnrin kan tẹjú mọ́ mi, ó ní tí mo bá tún fẹ́ relé láìlo oògùn, kí n yáa kọ ìwé ogún sílẹ̀ fún ọmọ mi. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò tún ní í dán an wò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Lónìí ìwé ìgbélùú ni wọ́n ń tún ṣe, lọ́la iṣẹ́ ni kò gbà. Àárò Màámi sì ń sọ mí. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe àríyá ilé ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ikọ́ kékeré kan báyìí tí Màámi máa ń wú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdájí ni. Tí mo bá wà nídìí àwọn ìyá arúgbó níbi iṣẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn bá wúkọ́ lẹ́yìn mi, màá yíjú padà gán-ún, ojú òyìnbó ni màá rí.

Màámi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú ló sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ojú òsì ti kú tipẹ́, ti ọ̀tún ló kù. Lọ́jọ́ Sátidé kan wọ́n pè mí lórí fóònù Délé, àbúrò mi ọkùnrin tó ń bá wọn gbélé. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, iná ojú mi yìí ti ń rọlẹ̀ o. Mi ò rí ojú èèyàn mọ́, òjìji lásán ni. Pupa nìkan ló ṣì ń hàn sí mi. Tó o bá ń bọ̀, wọ pupa. Látẹnu géètì ni n ó ti mọ̀ pé ìwọ ni."

Mo ní, "Màámi, mò ń bọ̀."

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ rí ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Má jẹ̀ẹ́ kó ṣú tán kó o tó dé."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo tọrọ ìsinmi, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbéra ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Mo lọ sí Billstedt, àdúgbò tó wà nítòsí wa, lọ wá aṣọ pupa. Kì í ṣe pupa rẹ́súrẹ́sú o, pupa fòò bí ata rodo. Ọmọ tó ń tajà bi mí pé ṣé ìgbéyàwó ni mo fẹ́ lọ. Mo ní rárá, ojú ìyá mi ni mo fẹ́ fi tàn.

Ó wá ku oògùn. Mo pe ọ̀dọ̀ dókítà àwọn arìnrìn-àjò, wọ́n ní Termin, ìyẹn ọjọ́ tí mo lè rí dókítà, tó yá jù lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀! Ṣé wọ́n máa bá mi bẹ ojú Màámi kó dúró ni? Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Berlin, Sister Bísí, àgbà ni wọ́n jẹ́ sí mi, ọmọ ìjọ wa ni wọ́n kí wọ́n tó kó lọ sí Schöneberg níbẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo lọ kí wọn ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi fún wọn.

"Ṣé ìyẹn náà lo wá ń dà láàmú?" Wọ́n dìde, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù táàmù àti kọrí, wọ́n fa nylon kan yọ. "Oògùn ibà tí mo lò nígbà tí mo relé kẹ́yìn nìyí, ẹnì kan ló bá mi mú un wá láti ìlú mìíràn. Ó ṣẹ́ kù. Hóró kan lọ́sẹ̀ kan ni. Bẹ̀rẹ̀ ní báyìí, ó máa ti wọ̀ ọ́ lára kó o tó lọ. Máa lò ó ní Sọ́ńdè, o ò ní gbàgbé."

Kò sí páálí, kò sí ìwé àlàyé tó máa ń wà nínú páálí. Hóró mẹ́wàá nínú bébà fàdákà ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, Sister, Olúwa á bá mi san án fún yín." Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Tí oògùn bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa, a kì í dà á nù, ẹni tó bá nílò rẹ̀ la máa ń fún. Ìfẹ́ ni. Mi ò sì sọ fún dókítà kankan, ojú ń tì mí pé oògùn olóògùn ni mò ń lò.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo fi tíì gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Kí Mọ́ńdè tó mọ́, àlá dé. Nínú àlá náà, mo wọ aṣọ pupa, mo ń bọ̀ látẹnu géètì. Màámi jókòó síwájú ilé, wọ́n kọjú sí mi gan-an. Mo ní, "Màámi!" Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Kí n tó dáhùn, ilẹ̀kùn ti pa dé, mo wá ń gbọ́ tí àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú yàrá Màámi. Mo fi igbe jí. Gbogbo ara mi tutù nini, àyà mi ń lù kìkìkì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, hóró kejì, àlá yẹn náà ló tún padà wá, ti ìkejì tiẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi lójú mọmọ. Lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní Billstedt, mo dé orí àtẹ̀gùn tó ń dá gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀, mi ò lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Jìnnìjìnnì bò mí. Èmi tí mò ń gbé arúgbó orí bẹ́ẹ̀dì! Baba òyìnbó kan ló di ọwọ́ mi mú bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, ó bọ́ sí ọjọ́ tí dókítà àdúgbò wa ń yẹ kíndìnrín mi wò. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó bi mí pé, "Wie schlafen Sie?" Báwo ni mo ṣe ń sùn? Mo ní, "Gut," pé dáadáa ni. Ẹ wò ó, ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé gan-an nìyí. Nílé wa, ta ló ń sọ àlá fún dókítà? Àgbà là ń rọ́ àlá fún, tàbí aríran. Dókítà ń bẹ fún ara, Ìyá Àdúrà ń bẹ fún oorun. Mo dìde, mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ìyá Àdúrà ìjọ wa ní Hamburg kì í ṣe èké. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn títí dòní. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn nínú sùtánà funfun mi, mo rọ́ àlá náà.

"Ẹ̀ẹ̀mejì? Àlá kan náà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Màmá."

"Ojú ọ̀nà kò mọ́, ọmọ mi. Má tíì lọ. Jẹ́ ká fi ààwẹ̀ ọjọ́ méje béèrè ná."

Bí mo ṣe sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú nìyẹn. Mo pe Màámi, mo parọ́ fún wọn, mo ní ibi iṣẹ́ kò fún mi láyè. Wọ́n ní, "Kò burú. N ó dúró dè ọ́." Lẹ́yìn náà wọ́n tún ní, "Ṣùgbọ́n má pẹ́ o, Àṣàkẹ́."

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín. Mi ò dá oògùn dúró. Mo ní bí ọ̀nà bá mọ́ lójijì, kí n lè ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Ní Sọ́ńdè, wọ́n á gbàdúrà lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí àlákálàá fò mí ru. Tí mo bá délé tán, ní Sọ́ńdè ọ̀hún náà, màá gbé hóró mìíràn mì. Mọ́ńdè, àlá ti dé. Ìyá Àdúrà á ní, "A ò tíì borí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú." Délé pè láti ilé, ó ní àgbo ni kí n máa mu, pé òun máa fi ránṣẹ́: "Ìwọ ọmọ Ìkìrun, tó ń fi oògùn òyìnbó sá fún ẹ̀fọn!" Aṣọ pupa kọ́ sára wọ́dúróòbù mi. Nígbà tó yá, mo yí ojú rẹ̀ sí ara pákó, torí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí. Ilé ń wù mí í lọ, ẹ̀rù ilé ń bà mí. Irú ìyà yẹn ò ṣeé ṣàlàyé fún ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí.

Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà.

Tolú ló yọ mí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Hamburg ni, ó ń kọ́ṣẹ́ báǹkì, Yorùbá ló ń gbọ́, Jámánì ló fi ń fèsì. Mi ò mọ̀ pé gbogbo òru tí mo bá ti kígbe ló ń kọ sínú fóònù rẹ̀, torí ó rò pé orí mi ti ń dàrú, ó sì fẹ́ fi han dókítà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé fóònù náà síwájú mi lórí tábìlì. "Mama, schau. Montags. Immer montags."

Ó ní kí n wò ó, pé ọjọ́ Mọ́ńdè ni ṣáá. Mo wò ó. Òótọ́ ni. Mọ́ńdè, Mọ́ńdè, Mọ́ńdè, bí ẹni sanwó ilé.

Ó bi mí ní kí ni mo máa ń ṣe ní Sọ́ńdè. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mo dìde, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo gbé nylon Sister Bísí fún un. Ọmọ náà wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Ó fà mí lọ́wọ́, ó di Apotheke, ilé ìtajà oògùn, ní Billstedt.

Baba tó ń ta oògùn níbẹ̀ yí bébà fàdákà náà lọ, ó yí i bọ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn rọra bi mí pé, "Ṣé ẹ ń lá àlá burúkú?"

Ta ló sọ fún un? Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, pé ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ oògùn náà ni. Ó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ibà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára àwọn kan ó máa ń fa àlákálàá, òòyì, àti ẹ̀rù tí kò nídìí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó láìjẹ́ pé dókítà kọ́kọ́ wádìí ara rẹ̀ wò, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kéèyàn tètè padà lọ sọ, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní oògùn mìíràn wà. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì sunkún. Tolú ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó rò pé ayọ̀ ni. Kì í ṣe ayọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mò ń kà.

Ọjọ́ náà gan-an ni Tolú pe àwọn dókítà arìnrìn-àjò, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́, wọ́n sì fún wa láyè láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé òótọ́ ṣílẹ̀kùn tí èmi rò pé ó tì? Wọ́n ní kí n dá ti àkọ́kọ́ dúró, pé ó máa ṣe díẹ̀ kó tó kúrò nínú ara mi tán. Wọ́n kọ òmíràn fún mi, ti ojoojúmọ́, tí wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ tó lọ́ràá díẹ̀ lò.

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àdúrà. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tó o gbé wá ni mo gbàdúrà lé. O ò sọ fún mi pé o ń lo oògùn, o ò sì sọ fún dókítà pé ò ń lálàá. Àwa méjèèjì, ìdajì ọ̀rọ̀ lo fún wa." Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Dìde, máa lọ bá ìyá rẹ." Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin lọ kìlọ̀ fún Sister Bísí, kí wọ́n má tún fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n jókòó pẹ̀ẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ah! Nígbà tí mo lò ó, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló ń fi ọ̀bẹ lé mi kiri lójú àlá. Láti ọdún yẹn ni mi ò ti kí i mọ́. Mi ò tiẹ̀ lọ síbi ìkómọ rẹ̀!" A wo ara wa. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Sister Bísí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá fóònù wọn kí wọ́n lè pe ìyàwó náà, wọ́n ń nu ojú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo gbéra. Mo wọ aṣọ pupa náà nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu géètì ni màá ti máa pààrọ̀ aṣọ. A dé Ìkìrun, oòrùn ṣì wà lókè. Mo ṣí géètì. Màámi jókòó síwájú ilé lórí àga wọn, wọ́n kọjú sí mi gan-an. Mo dúró kí wọ́n lè rí mi. Wọn ò mira. Mo rìn díẹ̀ sí i.

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn. "Èmi ni, Màámi. Àṣàkẹ́ ni."

"Àṣàkẹ́ mi!" Wọ́n na ọwọ́, ọwọ́ wọn ba èjìká mi, wọ́n dì í mú. Lẹ́yìn ìgbà tí a ti sunkún tó, wọ́n ní, "O wọ pupa náà?"

"Mo wọ̀ ọ́, Màámi."

Wọ́n fi ìka tọ etí aṣọ náà lọ, láti ọrùn dé apá. "Ó yẹ ọ́," ni wọ́n wí.

Délé dúró lẹ́yìn mi. Ó ní ó ti lé lóṣù kan tí ojú ọ̀tún ti kú pátápátá, Màámi ló ní kí wọ́n má sọ fún mi, kí n má bàa sáré kí n ṣe ara mi léṣe. Oṣù kan. Ká ní mo lọ lọ́jọ́ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, wọn ì bá rí mi. Àwọn kan ti sọ fún mi pé àlá yẹn ṣẹ nígbà náà. Irọ́ ni. Àlá ò ṣẹ, èmi ni mo jókòó sí Jenfeld tí mo mú un ṣẹ.

Oògùn tuntun náà kì í ṣe oyin o, mi ò ní tàn yín. Lọ́jọ́ tí mo fi tíì lásán lò ó, inú rú mi, mo bì. Egbò kéékèèké yọ sí mi lẹ́nu fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Mo tún lálàá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àlá lásán, pé mo sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ṣùgbọ́n Màámi di aago mi. Tí wọ́n bá ti gbọ́ òórùn dòdò tí ìyàwó Délé ń dín nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Àṣàkẹ́, o ti lo oògùn?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jọ sùn nínú yàrá kan, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì kan. Mo gbọ́ ikọ́ ìdájí yẹn ní gbogbo ọjọ́. Nígbà tí mo padà dé Hamburg, mo lo oògùn náà fún ọjọ́ méje sí i bí wọ́n ṣe wí, torí ibà lè bá èèyàn wọ bàálù wálé.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí ibà, kíndìnrín mi dára. Òòyì ṣì máa ń kọ́ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì lè sọ bóyá ti oògùn àtijọ́ ni àbí ọjọ́ orí ló dé. Mò ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ relé, ẹ lo oògùn yín, ẹ má tìtorí mi sá fún un, ibà tí mo ní yẹn ń pani. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ni kí dókítà kọ sára rẹ̀. Bí wọ́n bá sì bi yín pé báwo lẹ ṣe ń sùn, ẹ rọ́ àlá yín.

Màámi ṣì wà, mo dúpẹ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń pè wọ́n, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Lẹ́yìn tá a bá ti kíra, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí: "Kí lo wọ̀?" Mo máa ń ní, "Pupa ni, Màámi." Kí n tó pè wọ́n ni mo máa ń bọ́ sùtánà mi, màá wọ aṣọ pupa náà, màá wá jókòó ti fóònù, torí mi ò fẹ́ parọ́ fún wọn mọ́.